Òróró Olóòórùn Tí Wọ́n Ń Fi Sùn: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Bí ìpolówó "ororo oorun" bá jáde lórí fóònù yín, tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì ohùn sí i, ẹ ò ní mọ ohun tó ń tà. Ṣé òróró òórùn ni, èyí tí à ń fi para kí ara lè máa ta sánsán, àbí òróró oorun, èyí tí à ń fi para ká lè sùn? Àwọn olùtajà ti sọ méjèèjì di ọ̀kan báyìí. Ìgò kékeré ni, mílílítà 6 tàbí 10, tí bọ́ọ̀lù irin wà lẹ́nu rẹ̀. A ó yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ àti àyà ká tó gorí ibùsùn. Wọ́n ní ó ń mú oorun yá, wọ́n ní ó ń mú àlá dára, àwọn kan tilẹ̀ ní ó ń lé ogun òru. Lórí TikTok àti Instagram, lọ́fíńdà ìgbà oorun ti di ọjà tirẹ̀, ó ti yàtọ̀ sí lọ́fíńdà òde.

Nínú gbogbo ìlérí yẹn, díẹ̀ ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Díẹ̀ náà la fẹ́ tú wò níbí, pẹ̀lú bí èèyàn ṣe lè pò ó fúnra rẹ̀ láìba ara jẹ́.

Ohun tó wà nínú ìgò

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni ògidì òróró ewé tàbí òdòdó: wọ́n fi ooru omi fà á jáde lára ewéko, wọn ò bu nǹkan mọ́ ọn. Ìkejì ni attar, tí àwọn ará Íńdíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀ dáadáa. Ní ìlú Kannauj, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní Íńdíà, ìkòkò bàbà ni wọ́n ń kó òdòdó àti omi sí. Wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á dá iná igi sábẹ́ rẹ̀. Ooru omi á gba inú ọparun kọjá bọ́ sínú ìkòkò kejì tó wà nínú omi tútù, òróró igi sandalwood ló sì ti wà nílẹ̀ nínú ìkòkò kejì yẹn, tó ń dúró de òórùn náà. Àmọ́ sandalwood ti wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ń lo paraffin olómi dípò rẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà wa, èyí tí wọ́n ń pè ní oil perfume. Kẹ́míkà olóòórùn ni wọ́n pò pọ̀ nílé iṣẹ́, wọ́n sì fi ohun olómi tí kò lóòórùn bù ú kún. Kò burú fún òde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ "lavender" sára ìgò oríṣi kẹta yìí, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ka lavender kan ṣoṣo kò kan inú rẹ̀ rí. Ìwádìí tí olùtajà ń tọ́ka sí, ògidì òróró ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lavender yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun la yí padà tó di lọ́fíńdà, ká tó wá fi pe gbogbo ohun tó ń ta sánsán. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa látọjọ́ yìí náà ló wá jẹ́ èyí tí àwọn olùwádìí yẹ̀ wò jù lọ nítorí oorun. Ní ìlú Salvador ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, alfazema ni wọ́n ń pè é ní èdè Potogí, òun náà ni àwọn Filhos de Gandhy, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949 tó ń jó sí ìlù tí wọ́n ń pè ní ijexá, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà, máa ń fọ́n sára àwọn èrò nígbà kánífà.

Lílo òróró dípò ti olómi tí a ń fọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Bint El Sudan, lọ́fíńdà olóròóró kan, ti wà ní Nàìjíríà, àwọn Mùsùlùmí sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò ní ọtí nínú. Ní Maiduguri, àwọn obìnrin ní humra tiwọn, òróró tó ki tí wọ́n ń fi para nínú ilé, pàápàá lálẹ́, àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn àti Èkó sì ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdí tí òróró fi bá ibùsùn mu ju èyí tí à ń fọ́n lọ kò le. Lọ́fíńdà olọ́tí máa ń gbé òórùn rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ọtí ṣe ń fò lọ; gbogbo yàrá á gbọ́ ọ, ẹnì kejì yín lórí ibùsùn náà á gbọ́ ọ. Òróró kì í fò bẹ́ẹ̀. Ara ló jókòó sí, ó ń tú òórùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ara ṣe ń móoru, kò sì kọjá ibi tí apá yín gùn dé. Kò sì ní iná nínú, kò dà bí tùràrí tàbí àbẹ́là tí èèyàn lè sùn lọ kó gbàgbé.

Ohun tí imú ń ṣe nígbà tí a bá sùn

Ohun tí a rí, ohun tí a gbọ́, àti ohun tí a fọwọ́ kàn, ibùdó kan wà nínú ọpọlọ, thalamus lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá pàdé. Òórùn kì í yà síbẹ̀ kó tó wọlé. Láti imú, ó ń gba tààrà lọ síbi tí ìbẹ̀rù, ìfẹ́ àti ìrántí wà. Ìdí nìyí tí òórùn ọṣẹ kan fi lè gbé èèyàn padà sí ilé ìyá rẹ̀ àgbà kó tó rántí orúkọ ọṣẹ náà.

Ní ti lavender, kẹ́míkà méjì, linalool àti linalyl acetate, ló pọ̀ jù nínú òróró rẹ̀. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kagoshima ní Japan jẹ́ kí eku gbóòórùn linalool, ara eku sì rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá lo eku tí imú wọn kò ṣiṣẹ́, kò ràn wọ́n. Ìyẹn ni pé imú ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó ń yí òróró mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ nítorí pé wọ́n sọ fún un pé ibẹ̀ ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, ibi tó jìnnà sí imú jù lọ ló fi í sí yẹn. Tí ẹsẹ̀ bá sì wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó tán.

Ṣé ó ń mú èèyàn sùn lóòótọ́? Ìwádìí lórí lavender pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kéré, wọ́n sì ní àbùkù kan tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi lavender pamọ́ fún ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé òun ń lo oògùn oorun, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ kí òróró náà tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó fara hàn léraléra ni pé àwọn tó lò ó máa ń sọ pé àwọn sùn dáadáa díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Ní Jámánì, kápúsù kan wà tí wọ́n ṣe òróró lavender sínú rẹ̀, mílígíráàmù 80, fún àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má rí i kí ẹ sọ pé ẹ ó mu ti inú ìgò lọ́fíńdà. Òróró olóòórùn kì í ṣe ohun mímu, ẹ̀kán díẹ̀ nínú àwọn kan lè mú gìrì gbé ọmọdé.

Ohun kejì tó ń ṣiṣẹ́ ni àṣà. Bí èèyàn bá ń fi òórùn kan náà para lálẹ́ lálẹ́ nígbà tó fẹ́ sùn, tí kò sì lò ó lọ́sàn-án láé, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, òórùn náà á di àmì fún ara pé ọjọ́ ti parí. Lójú tiwa, ibí ni agbára òróró yìí pọ̀ sí jù lọ, olùtajà kì í sì í sọ ọ́, nítorí òórùn èyíkéyìí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn lè ṣe é. Ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé ẹni tó ní òróró oorun mẹ́fà tó ń yí wọn ká láti alẹ́ dé alẹ́ kò ní rí àǹfààní yìí.

Ohun kan wà tí imú kì í ṣe. Ní 2004, Carskadon àti Herz ti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà fẹ́ òórùn ewé mínítì (peppermint) àti ti pyridine, kẹ́míkà kan tó ń rùn gan-an, sí imú àwọn tó ti sùn. Nínú oorun àsùnwọra, òórùn náà kò jí wọn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí wáyà bá ń jó tàbí tí gáàsì ń jò, imú òun á ta òun jí.

Ti àlá ńkọ́?

Ní 1867, ará Faransé kan, Marquis d'Hervey de Saint-Denys, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa àlá ara rẹ̀. Ó ra lọ́fíńdà kan tí kò lò rí nígbà tó ń lọ sí àgbègbè Vivarais, ó ń gbóòórùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi kúrò níbẹ̀, ó wá dé e pa. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó pàṣẹ fún ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa kán díẹ̀ sórí ìrọ̀rí òun lóru tó bá wù ú, nígbà tí òun bá ti sùn, kó má sì sọ fún òun. Ní àwọn òru tí ìránṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn òkè Vivarais ni òun ń rí lójú àlá.

Ẹnì kan ni, òun náà ló sì ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Bí àwọn olùwádìí bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n ní láti jí alálàá kí wọ́n sì bi í. Ohun tí Schredl àti Hummel pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Jámánì nìyẹn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Èèyàn 15 ni wọ́n lò. Nígbà tí ẹni náà bá wà nínú ìpele àlá, èyí tí wọ́n ń pè ní REM, wọ́n á fẹ́ òórùn sí i nímú fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá: nígbà mìíràn òórùn bíi ti rose, nígbà mìíràn òórùn bíi ti ẹyin tó bàjẹ́. Wọ́n á wá jí i. Òórùn náà fúnra rẹ̀ kì í sábà wọnú ìtàn àlá. Kò sẹ́ni tó ń lá àlá òdòdó nítorí òdòdó. Ṣùgbọ́n inú àlá máa ń dùn sí i lábẹ́ òórùn rose, ó sì máa ń korò sí i lábẹ́ ẹyin bíbàjẹ́.

Ìwádìí yìí ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpolówó "òróró àlá". Ẹ wo ohun tí wọ́n fò dá nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń fẹ́ òórùn náà, ó wọlé lójijì, ó sì dáwọ́ dúró. Òróró tí a fi para kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí imú á fi mọ́ ọn lára tí kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Oorun máa ń lọ ní àyíká, bí ìṣẹ́jú 90 ni àyíká kọ̀ọ̀kan, àyíká mẹ́rin tàbí márùn-ún ní òru kan, ìpele àlá sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Àlá tó gùn jù, ìdájí ló ń ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, òórùn ọsàn tó wà nínú òróró tí a fi para láago mẹ́wàá ti fò lọ tipẹ́, lavender náà ti rẹlẹ̀. Àwọn tó kù lára ni àwọn òróró wúwo: sandalwood, vetiver (gbòǹgbò koríko kan), labdanum (oje igi kékeré kan). Bí òróró kan bá fẹ́ bá yín dé ìdájí rárá, àwọn wọ̀nyí ni yóò gbé e débẹ̀. Bí ẹ bá rí "òróró àlá" tó jẹ́ kìkì ọsàn àti mínítì, ẹni tó pò ó kò mọ ohun tó ń ṣe.

Mugwort, ewéko kan tó lóòórùn, àti blue lotus ni wọ́n ń pariwo jù báyìí. Mugwort ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní thujone nínú, kò yẹ aboyún, kò sì yẹ ẹni tó ní wárápá. Blue lotus ni òdòdó orí omi tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ yà sára ògiri ibojì wọn. Òdòdó tó ń lọ sínú ògidì rẹ̀ díẹ̀ pọ̀ débi pé owó rẹ̀ ga gan-an. Èyí tí wọ́n ń ta ní ẹ̀dínwó ní mílílítà 10, òróró lásán pẹ̀lú kẹ́míkà ni. Ojúlówó rẹ̀ pàápàá, a ò rí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fífi í para ń fa àlá.

Èyí tí wọ́n tún ń tọ́ka sí ni ìwádìí Yunifásítì California ní Irvine, 2023, tí wọ́n ní ó mú ìrántí pọ̀ sí i ní "226%". Àwọn àgbà 43, ẹni ọdún 60 sí 85, ló kópa. Ẹ̀rọ ló ń tú òórùn sínú yàrá, òórùn méje, ọ̀kan lálẹ́, wákàtí méjì láti ìgbà tí wọ́n bá sùn, fún oṣù mẹ́fà. Iye tí wọ́n ń pariwo yẹn jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì nínú ìdánwò rírántí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí wọn létí. Kò kan àlá, kò sì kan òróró tí a ń fi para.

Bí a ṣe ń pò ó

Fún ìgò mílílítà 10 tó ní bọ́ọ̀lù lẹ́nu, ẹ̀kán márùn-ún ògidì òróró ti tó. Ẹ̀kán 20 ló máa ń wà nínú mílílítà kan, nítorí náà ẹ̀kán 200 ni ìgò náà ń gbà. Márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 nínú 100. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó kéré jù. Kò kéré. Lọ́fíńdà òde ló gbọ́dọ̀ kọjá ara yín lọ bá ẹlòmíràn. Ti oorun, imú yín nìkan ló ń wá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá tètè ń yún, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán méjì.

Ìpò tó dúró dáadáa: lavender ẹ̀kán mẹ́ta, vetiver tàbí sandalwood ẹ̀kán kan, ọsàn dídùn ẹ̀kán kan. Vetiver ki bí oyin, kì í tètè kán; ẹ di ìgò rẹ̀ mú nínú àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú méjì kó lè rọ̀. Ẹ má fi iná yá a.

Òróró tí a ó fi pò ó ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Òróró àgbọn lásán máa ń dì bí ojú ọjọ́ bá tutù tó nǹkan bí 24°C. Ní àsìkò ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí éèsì ti ń ṣiṣẹ́, á dì mọ́ bọ́ọ̀lù náà, kò ní yí mọ́. Ẹ lo òróró jojoba, tí wọ́n ń fún láti ara èso igi kan, tàbí òróró àgbọn tí wọ́n ti yọ ohun tó ń dì kúrò nínú rẹ̀, èyí tó máa ń mọ́ gaara bí omi. Àdín dúdú kò ṣeé lò. Òórùn tirẹ̀ á bo gbogbo nǹkan yòókù mọ́lẹ̀ (àwọn ọmọ Èṣù kúkú ti mọ̀ pé àdín kì í wọ ilé wọn). Òrí náà ki jù fún ìgò bọ́ọ̀lù, àfi kí ẹ ṣe é bí ìpara nínú agolo.

Ẹ fọ ìgò, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kanrin-kanrin, ó kéré tán òru kan pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní dídojúdé. Omi ẹ̀kán kan tó bá kù nínú rẹ̀ á jẹ́ kí òróró dà bí omi ògì, á sì tètè bàjẹ́. Ògidì òróró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kán sí i, kí ẹ tó fi síríńjì fa òróró jojoba kún un dé èjìká ìgò, kì í ṣe dé ẹnu. Bí ẹ bá kún un dé ẹnu, bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́ọ̀lù wọlé ni òróró á máa tú jáde sí yín lọ́wọ́. Ẹ yí ìgò láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀. Ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó dá a lẹ́bi, torí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọsàn nìkan lẹ máa gbọ́. Ó dìgbà tó bá jókòó kí vetiver tó jáde.

Ẹ kọ́kọ́ yí i mọ́ inú ìgúnpá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ara kò bá sú, tí kò yún, ẹ máa lò ó. Ìdajì wákàtí kí ẹ tó sùn, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí egungun ọrùn lọ́tùn-ún àti lósì, ó tán. Ibẹ̀ móoru, ó sì súnmọ́ imú. Ọrùn ọwọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń fi ọwọ́ nu ojú nínú oorun á ta á sí ojú. Ẹ má yí i mọ́ ìrọ̀rí. Àbààwọ́n òróró kì í tètè kúrò, ó sì máa ń fa eruku mọ́ra.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni àfikún. Èèyàn fi para, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ó ní òróró náà kò lágbára, ó tún yí i. Òróró wà níbẹ̀, imú rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára. Ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá, á sọ fún yín. Àfikún yìí ló ń fa orí fífọ́ láàárọ̀, pàápàá nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn.

Àṣìṣe kejì, irú lavender. Èyí tó ń mú ara rọlẹ̀ ni Lavandula angustifolia. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà, Lavandula latifolia, tó kún fún camphor àti cineole. Irú òórùn tó wà nínú róòbù nìyẹn, ó ń la imú, ó ń ta èèyàn jí. Lavandin wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́jà torí pé kò wọ́n. Bí ìgò bá kọ "lavender" lásán láìsí orúkọ kejì, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta imú, ẹ ti mọ èyí tó jẹ́.

Ìkẹta, òróró tó ti pẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ inú ìgò, linalool àti limonene (kẹ́míkà inú òróró ọsàn) á yí padà di ohun tó ń mú ara sú. Lavender tuntun kì í sábà da ara láàmú. Lavender tó ti wà lójú fèrèsé fún ọdún méjì, tí oòrùn ń pa á, òun ni ẹlẹ́jọ́. Bí òórùn rẹ̀ bá ti ń fara jọ ti tápẹ́ńtáìnì tàbí ti òróró àtijọ́, ẹ dà á nù. Oṣù mẹ́fà ni ká fún ìgò tí a pò.

Bergamot tún wà, tí àwọn apòlọ́fíńdà fẹ́ràn fún oorun. Ó ní bergapten, ohun tó máa ń mú kí oòrùn jó ara kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Ìdá 0.4 nínú 100 ni IFRA, àjọ àwọn tó ń ṣe òórùn lágbàáyé, fi ṣe òdiwọ̀n fún ohun tí a kò ní ṣàn kúrò lára. Ẹ̀kán kan nínú mílílítà 10 ti kọjá rẹ̀. Alẹ́ la fi para lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń jáde láàárọ̀ kí wọ́n tó wẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ FCF sí (ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ bergapten kúrò), tàbí kí ẹ lo ọsàn dídùn. Òróró kóókò ọba náà ń ta ara, bó ti wù kí tíì rẹ̀ tutù tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kánfọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun funfun róbótó tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà, naphthalene ni, oògùn aáyán àti kòkòrò aṣọ. Àwọn kan ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú òróró. Lára ẹni tó bá ní àìtó G6PD (èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀), tí kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tuntun ló sì ń tètè pa lára jù. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibùsùn.

Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta kò nílò òróró olóòórùn kankan. Fún ọmọdé lápapọ̀, ohunkóhun tó ní menthol tàbí camphor kò gbọ́dọ̀ dé itòsí imú wọn, ó lè dí èémí. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí ènìyàn wà nítòsí.

Ní ti ọjà

Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun. Ògidì lavender á fò lọ kó tó di ọjọ́ kejì, kò ní fi àmì ọ̀rá sílẹ̀. Bí ó bá fi ibi tó ń dán sílẹ̀, wọ́n ti bu òróró mọ́ ọn. Ìdánwò yìí kò wúlò fún sandalwood àti vetiver, torí wọn kì í tètè fò. Ẹ wo ara páálí bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí linalool, limonene tàbí geraniol lára èyí tó ti Yúróòpù wá, ẹ má sá. Òfin wọn ló ní kí wọ́n kọ wọ́n bí wọ́n bá ti kọjá ìdá 0.001 nínú 100. Butylphenyl Methylpropional, kẹ́míkà olóòórùn kan, ni kí ẹ wò dáadáa: wọ́n ti fòfin dè é ní Yúróòpù láti oṣù kẹta 2022, nítorí náà ìgò tó bá ṣì ní in jẹ́ ọjà àtijọ́ tàbí èyí tí wọn ò ṣe fún ibẹ̀.

Ẹni tó ń ta òróró tó ní ó ń lé ogun òru, ìdàkudà ló ń tà. Kí èèyàn jí kó má lè mira, bí ẹni pé nǹkan jókòó lé e láyà, àìsùn tó àti fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ló sábà máa ń fà á, sísùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì máa ń dín in kù. Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lóru, dókítà ló nílò. Bákan náà ni ẹni tí oorun ń sá fún ní òru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tó sì ti tó oṣù mẹ́ta.

Ibì kan wà tí òróró ti ń wúlò jù ilé lọ: lẹ́nu ìrìn àjò. Òru àkọ́kọ́ níbi tí kì í ṣe ilé ẹni kì í sábà dùn sùn, òórùn tí ara ti mọ̀ sì lè tù ú lára. Ìgò mílílítà 10 kò tó ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ní pápákọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó kó o sínú báàgì. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè, afẹ́fẹ́ inú ìgò á wú, á sì ti òróró jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù náà.